SẸ̀GI ÌYÁ ÀGBÀ ÀTI ÒKÚTA OṢÙ ÌBÍ

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́, kó fi pamọ́ di ìrọ̀lẹ́.

Láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ìbéèrè méjì ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí wa léraléra lórí WhatsApp. Àwọn ọ̀dọ́ wa ló ń béèrè àkọ́kọ́: "Pásítọ̀, oṣù kẹsàn-án ni wọ́n bí mi, wọ́n ní sáfírè ni òkúta mi, pé tí mo bá fi ṣe òrùka, oríire á máa tẹ̀lé mi. Ṣé kí n rà á?" Àwọn ìyá ló ń béèrè èkejì: "Pásítọ̀, ìyá mi ti lọ, ó fi sẹ̀gi sílẹ̀ nínú àpótí. Wòlíì kan ní kí n lọ dà á sódò, pé ẹ̀mí àìrí ń bẹ nínú ẹ̀. Kí ni kí n ṣe?"

Ẹ wò ó ná. Ọmọ ń tu owó jọ láti ra òkúta aláwọ̀ aró lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyá ń wá ibi tí yóò da ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró nù sí, ó sì lè jẹ́ inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé. Ọmọ gbà pé agbára ire wà nínú tòun, ìyá gbà pé agbára ibi wà nínú tirẹ̀. A lè dá wọn lóhùn ní gbólóhùn kan, ṣùgbọ́n wọ́n á tún padà wá béèrè lọ́dún tó ń bọ̀. Ó sàn ká sọ ìtàn àwọn nǹkan wọ̀nyí: ibi tí wọ́n ti wá, ẹni tó ṣe wọ́n, bí àwọ̀ yẹn ṣe wọ inú wọn.

Ẹ jẹ́ ká tètè yanjú ti òkúta oṣù ìbí, èyí tí Òyìnbó ń pè ní birthstone, torí ìtàn tiẹ̀ kò gùn. Àwọn tó ń tà á máa ń sọ pé inú Bíbélì ló ti wá. Ó dáa, ẹ ṣí Ẹ́kísódù orí kejìdínlọ́gbọ̀n. Ẹ óò rí ìgbàyà Áárónì àlùfáà níbẹ̀: òkúta méjìlá, ọ̀wọ́ mẹ́rin, mẹ́ta mẹ́ta lọ́wọ̀ọ́wọ́. Sáfírè wà nínú ọ̀wọ́ kejì. Orúkọ ẹ̀yà Ísírẹ́lì méjìlá ni wọ́n fín sára wọn. Wọn ò fín orúkọ oṣù kankan sí i. Áárónì nìkan ló ń gbé gbogbo wọn sí àyà, lẹ́ẹ̀kan náà, tó bá ń wọ ibi mímọ́ lọ. Kò síbi tí wọ́n ti ní kí ọmọ Ísírẹ́lì kan mú òkúta kan lọ sílé nítorí oṣù tí ìyá ẹ̀ bí i.

Josephus, òpìtàn Júù tó gbé ayé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kìíní, ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé èèyàn lè fi òkúta méjìlá yẹn wé oṣù méjìlá. Àfiwé lásán ni. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá, àwọn ará Yúróòpù sọ àfiwé dàṣà. Nígbà tó di 1912, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta ohun ọ̀ṣọ́ ní Amẹ́ríkà ṣèpàdé ní Kansas City, wọ́n pín òkúta fún oṣù kọ̀ọ̀kan, sáfírè sì bọ́ sí oṣù kẹsàn-án. Ìpín yẹn náà ni wọ́n ṣì ń gbé kiri lórí fóònù títí dòní. Ní 2002, wọ́n fi tanzanite, òkúta aláwọ̀ aró míì, kún ti oṣù kejìlá. Ọdún 1967 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí tanzanite yẹn ní ilẹ̀ Tanzania, ilé iṣẹ́ Tiffany ní New York ló sì sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ wá ṣírò ẹ̀: bàbá tí wọ́n bí ní oṣù kejìlá ọdún 1950 ti lé ní àádọ́ta ọdún kí òkúta ìbí ẹ̀ tó dé. Ta ló wá ń bá a gbé oríire ẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá?

Ohun míì tún wà. Sáfírè tí Mósè mọ̀, ó dà bíi pé kì í ṣe sáfírè tí wọ́n ń tà lónìí. Theophrastus, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gíríìsì tó gbé ayé ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún ṣáájú ìbí Jésù, sọ nínú ìwé tó kọ nípa òkúta pé sáfírè máa ń ní tótòtó wúrà lára. Sáfírè òde òní kò ní èyí. Òkúta tó ní i ni lapis lazuli, òkúta aró kíki tí wọ́n ti ń wà ní Badakhshan, nílẹ̀ Afghanistan, láti ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan kí Áárónì tó gbé ìgbàyà wọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ Bíbélì fi gbà pé lapis ni Ìwé Mímọ́ ń sọ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń tajà lórí fóònù ń fi Bíbélì búra lé òkúta tí Bíbélì lè má mọ̀ rárá!

Sáfírè òde òní fúnra ẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ Ẹlẹ́dàá tó yẹ ká yìn. Aluminium, irin fúyẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò ìdáná wa, ni ó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Òun àti afẹ́fẹ́ tí à ń mí ni wọ́n pàdé nínú ilẹ̀ gbígbóná, wọ́n sì dì di òkúta tó le koko. Tí irin díẹ̀ àti titanium díẹ̀ bá wọ inú ẹ̀, á di aláwọ̀ aró. Tó bá jẹ́ chromium ló wọlé, á di pupa, wọ́n á sì pè é ní rúbì. Ilẹ̀ wa náà ní i. Wọ́n ń wà á ní ìpínlẹ̀ Kaduna, àti pé ní nǹkan bí ọdún 2014, àwọn awakùsà rọ́ lọ sórí òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba torí sáfírè aláwọ̀ aró tó dára gan-an. Ẹni tó bá lówó tó fẹ́ fi ṣe ọ̀ṣọ́, kó rà á, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Kó má sáà rò pé ó ti ra ọjọ́ ọ̀la.

A ti parí ìyẹn. Ẹ wá jẹ́ ká wọ ilé ara wa, torí àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì.

Sẹ̀gi ni ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró tí Yorùbá ń gbé gẹ̀gẹ̀. Ó máa ń gùn bíi pọ́ńpù kékeré, ihò á gba àárín ẹ̀ kọjá. Ọba ń lò ó, ìjòyè ń lò ó, ìyá ìyàwó tó rọ́wọ́ mú ń so ó mọ́ ọmọ ẹ̀ lọ́rùn. Òun àti iyùn ni wọ́n jọ ń dúró níwájú àwọn ìlẹ̀kẹ̀ yòókù. Iyì ẹ̀ pọ̀ débi pé a fi ń sọ ọmọ: Sẹ̀gilọlá. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìwé á rántí pé Sẹ̀gilọlá náà ni I. B. Thomas pe obìnrin inú ìtàn tó ń gbé jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ní 1929 sí 1930. Nínú ìjọ wa náà, a ní Sẹ̀gilọlá tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin. Kò sẹ́ni tó ní ká dà á sódò.

Nípa àwọ̀ yẹn, àwọn kan máa ń sọ pé Yorùbá kò mọ búlúù, pé funfun, pupa àti dúdú nìkan la ní. Òótọ́ ni pé àwọ̀ mẹ́ta yẹn ni òpó, a sì lè pe aṣọ aró ní aṣọ dúdú kí olówó rẹ̀ má jà. Ṣùgbọ́n ẹ lọ bá ìyá aláró. Èyí tí wọ́n rẹ lẹ́ẹ̀kan tó ṣì mọ́lẹ̀, wọ́n ní orúkọ fún un: àyìnrín. Èyí tó kì mọ́ ọn lójú, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, wọ́n ní orúkọ fún ìyẹn náà. Ẹni tí kò mọ àwọ̀ kan kò ní mọ̀ pé ìkòkò aró yìí ti tó, pé tọ̀hún ṣì ku ìrì méjì. Nígbà tí àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, dé ibi aṣọ búlúù inú àgọ́ àjọ, wọn ò wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Aláró ni wọ́n pè é. Àwọ̀ ìyá aláró wa ni wọ́n fi bo ilé Ọlọ́run!

Sẹ̀gi àtijọ́ tún ní ohun kan tó ju ti aṣọ lọ. Tí ẹ bá gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, àwọ̀ aró lẹ óò rí. Tí ẹ bá gbé e sókè kí ìmọ́lẹ̀ gba inú ẹ̀ kọjá, á yí sí àwọ̀ ewé. Ìlẹ̀kẹ̀ kan, àwọ̀ méjì. Ẹni tí kò mọ̀dí á ní idán ni, kò sì yani lẹ́nu pé oríṣiríṣi ìtàn ló rọ̀ mọ́ ọn. Àwọn kan ní ńṣe ló ń hù nínú ilẹ̀ bí iṣu. Bowdich, Gẹ̀ẹ́sì tó lọ sí Kùmásì ní 1817, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ará ibẹ̀ sọ nípa ìlẹ̀kẹ̀ iyebíye tiwọn pé èéfín máa ń yọ lójú ilẹ̀ níbi tó bá wà. Ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n ní ti Olókun ni, olówó tó ni ọrọ̀ omi àti ọrọ̀ ìlẹ̀kẹ̀, igbó kan sì wà ní ìhà àríwá ìlú tí wọ́n ń pè ní Igbó Olókun. Àwọn ènìyàn máa ń walẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á sì rí ìlẹ̀kẹ̀. Tí ẹ bá walẹ̀ tí ẹ rí ìlẹ̀kẹ̀, tí kò sí ẹni tó rántí ẹni tó ṣe é, kí lẹ óò sọ? Ẹ óò ní ilẹ̀ ló bí i.

Ní òpin ọdún 1910, ará Jámánì kan, Leo Frobenius, dé Ilé-Ifẹ̀. Ó gbẹ́ ilẹ̀ Igbó Olókun, ó rí ìlẹ̀kẹ̀, ó sì rí àfọ́kù ìkòkò tí gíláàsì yọ́ sí nínú, aró, ewé, pupa, ní ìpele ìpele. Ọkùnrin yìí gbà pé iṣẹ́ gíláàsì ti wáyé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè gbà pé àwọn bàbá àwọn tó ń bá a gbé ẹrù ló ṣe é. Ó ní àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ni, pé òun ti rí Atlantis, ìlú inú ìtàn tí òkun gbé mì. Ó tẹ́ wọn lọ́rùn láti gbà pé ìlú tí kò sí rí ló wá ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ní Ifẹ̀, ju kí wọ́n gbà pé ọmọ Ifẹ̀ ló ṣe ìlẹ̀kẹ̀ Ifẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ọ̀mọ̀wé míì rọ ọ̀rọ̀ náà lójú díẹ̀. Wọ́n ní lóòótọ́ Ifẹ̀ ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀, ṣùgbọ́n gíláàsì ọ̀hún, láti ọ̀dọ̀ Lárúbáwá tàbí Òyìnbó ni, pé àfọ́kù ni wọ́n ń rà tí wọ́n ń yọ́. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbé e yẹ̀ wò dáadáa. Ní 2006, Akin Ige ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn méjì míì, James Lankton àti Thilo Rehren, tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde: èròjà inú gíláàsì Ifẹ̀ kò bá ti ilẹ̀ Lárúbáwá mu, kò bá ti Yúróòpù mu, kò bá ti Íńdíà mu. Nǹkan tó pọ̀ nínú ẹ̀ jọjọ ni aluminium, àti èròjà tó máa ń wà nínú ìkarahun ìgbín àti nínú òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì. Wọn ò rí irú àpòpọ̀ yẹn níbòmíì.

Abidemi Babatunde Babalola wá dé. Ọmọ wa ni, awalẹ̀pìtàn ni, iṣẹ́ yìí ló fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Rice ní Amẹ́ríkà. Ní nǹkan bí 2011 àti 2012, ó padà sí Igbó Olókun, tàbí ìwọ̀nba tó kù níbẹ̀, torí ilé ti gba púpọ̀ nínú ilẹ̀ náà. Nínú ihò wẹ́wẹ́ tó gbẹ́, ó rí ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000, àfọ́kù ìkòkò iṣẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún, àti ìdọ̀tí gíláàsì tó tó ọ̀pọ̀ kílò. Ìdọ̀tí yẹn gan-an ni ẹ̀rí. Ẹni tó kàn ra ìlẹ̀kẹ̀ lọ́jà kì í ní ìdọ̀tí iṣẹ́ nílé, bí ẹni tó ra búrẹ́dì kì í ṣe ní eérú ààrò lẹ́yìnkùlé. Ó fi hàn pé láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni iṣẹ́ ọ̀hún gbóná jù. Ó tẹ èyí jáde ní 2017 àti 2018. Ṣé ẹ ń ṣírò ẹ̀? Iṣẹ́ yẹn ti gbilẹ̀ kí Òyìnbó Potogí àkọ́kọ́ tó fi ojú kan etíkun wa.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é, bí àwọn onímọ̀ ṣe tò ó. Wọ́n á kó iyanrìn tó wá láti ara òkúta ńláńlá tó wà káàkiri Ifẹ̀. Nínú iyanrìn yẹn ni aluminium wà. Wọ́n á fi èròjà tó dà bíi ti ìkarahun sí i kó lè tètè yọ́. Ìkòkò amọ̀ tó nípọn ni wọ́n ń kó o sí, wọ́n á gbé e sínú iná ìléru. Fún àwọ̀ aró, wọ́n á wá cobalt sí i, ìwọ̀nba bíńtín ló sì tó. Tó bá ti yọ́ bí oyin, wọ́n á fà á gùn bí ìgbà tí èèyàn bá ń fa ọ̀dà tó gbóná, pẹ̀lú ihò nínú, wọ́n á sì gé e wẹ́wẹ́. A fẹ́ kí ọ̀dọ́ tó ń béèrè sáfírè fiyè sí ibí yìí: aluminium tí Ọlọ́run fi ṣe sáfírè nínú ilẹ̀ náà ni àwọn bàbá wa yọ́ nínú ìkòkò. Irin àti titanium ló pa tàkọ́kọ́ láró, cobalt ló pa tèkejì. Wọn ò kọ́ ọ nínú ìwé. Wọ́n dán an wò, ó bàjẹ́, wọ́n tún dán an wò.

Ìlẹ̀kẹ̀ yẹn sì rìn jìnnà. Irú gíláàsì Ifẹ̀ yìí, wọ́n ti hú u nínú ilẹ̀ Gao ní Mali, létí aṣálẹ̀. Nígbà tí Potogí wá dé Bìní, Pacheco Pereira kọ ìwé ní nǹkan bí 1505 sí 1508, ó sì sọ pé ní agbègbè odò Forcados ni àwọn ti ń ra ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró tí wọ́n ń pè ní cori. Wọ́n á gbé e lọ sí Elmina ní ilẹ̀ Gánà, wọ́n á fi gba wúrà. Àwọn onímọ̀ kan ti sọ pé sẹ̀gi ni cori yẹn, tàbí pé ìbátan ẹ̀ ni. Ẹ ò rí nǹkan! Òyìnbó wá sí ìhà ọ̀dọ̀ wa wá ra ìlẹ̀kẹ̀ kó tó lè rí wúrà rà. Nígbà tó yá ni Òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ayédèrú ẹ̀ nílé tiẹ̀, tó ń kó o wá fún wa ní ọkọ̀ ọkọ̀. Iṣẹ́ Ifẹ̀ sì kú. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kú, àwọn ọmọ gbàgbé. Ilé iṣẹ́ di igbó, igbó di ojúbọ.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni a fẹ́ kí ìyá tó béèrè ìbéèrè kejì ronú lé. Iṣẹ́ ọwọ́ ló ṣáájú. Ìbọ tẹ̀lé e nígbà tí ìmọ̀ ti sọnù.

Tó bá dà bíi pé ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ jìnnà sí Ọ̀fà, ẹ rántí pé àwọn àgbà wa ní ọmọ Ọ̀fà ni Mọ́remí, tó lọ ṣe ìyàwó ní Ifẹ̀. Ọ̀nà yẹn ti pẹ́. Ní tòsí wa náà, ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ kò fìgbà kan ṣàjèjì. Ní Ìlọrin, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn tó wá láti Ọ̀yọ́-Ilé ń fi irin tín-ínrín lu ihò sí òkúta pupa tí wọ́n ń pè ní lántànà, wọ́n ń fi òkúta pẹlẹbẹ dán an. Irú òkúta tí wọ́n ń pè ní jásípérì ni, orúkọ òkúta kejìlá lára ìgbàyà Áárónì. Ní Bídá lókè odò Ọya, ẹgbẹ́ Masaga ń yọ́ gíláàsì títí di ayé àwọn bàbá wa, ìgò ọtí tí Òyìnbó mu tán ni wọ́n ń yọ́ nígbà tó yá. Ní Ẹ̀sìẹ́, nínú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí ní 1945, tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún ló jókòó síbẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ sì wà lọ́rùn ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ wò ó nígbà ìsinmi.

Ọ̀fà fúnra ẹ̀ ti rí ogun. Nígbà tí ìlú fọ́ ní 1890, ẹni tó ń sá àsálà kì í gbé odó, kì í gbé àpótí. Ohun tó lè so mọ́ ìdí tàbí mọ́ ọrùn ló ń gbé lọ. Reluwé wá dé ní 1908, ọjà Èkó ń bá a wọlé, ìlẹ̀kẹ̀ Òyìnbó náà wà nínú ẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká sòótọ́: sẹ̀gi tó wà nínú àpótí ìyá yín lè jẹ́ ti Ifẹ̀ àtijọ́, ó sì lè jẹ́ èyí tí wọ́n rọ ní Yúróòpù. Méjèèjì ni ìyá àgbà fi òógùn ojú rà.

Ó ku ti ẹ̀mí. Àwọn ará wa kan á mú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kọkàndínlógún wá, níbi tí wọ́n ti sun ìwé òògùn ní Éfésù. Àwọn míì á mú Diutarónómì orí keje wá, pé kí wọ́n má tilẹ̀ ṣojúkòkòrò wúrà ara òrìṣà. A gba méjèèjì gbọ́. Ohun tí wọ́n sun ní Éfésù, ìwé idán ni, àwọn tó ń lò ó fún idán ló sì fọwọ́ ara wọn sun ún. Ti wúrà ọ̀hún, ère òrìṣà ni wọ́n fi bò. Ẹ padà sí Ẹ́kísódù wò. Yẹtí wúrà tó wà létí àwọn ènìyàn ni Áárónì gbà tó fi ṣe ọmọ màlúù ní orí kejìlélọ́gbọ̀n. Ní orí karùndínlógójì, àwọn ènìyàn kan náà mú yẹtí wúrà wá láti fi kọ́ àgọ́ Ọlọ́run, Ọlọ́run sì gbà á. Kò sọ pé wúrà ti di ti èṣù. Bésálélì tó gé òkúta ìgbàyà yẹn, Bíbélì ní Ẹ̀mí Ọlọ́run ló fún un ní ọgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́. Ibo ni ẹ rò pé bàbá tó kọ́kọ́ mọ̀ pé cobalt bíńtín yóò pa ìkòkò gíláàsì láró ti rí ọgbọ́n tiẹ̀?

Tó bá jẹ́ pé orí ojúbọ ni wọ́n ti mú ìlẹ̀kẹ̀ kan wá, tí wọ́n fi jẹ́ ẹ̀jẹ́, tí wọ́n ní ẹ gbọ́dọ̀ máa bọ ọ́, ìyẹn yàtọ̀. Ẹ má lò ó. Ẹ wá ká gbàdúrà, ká já ẹ̀jẹ́ náà. Bẹ́ẹ̀ náà, kò sí ìdí tí ẹ ó fi fọ́ ọ. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé á gbà á lọ́wọ́ yín. Pásítọ̀ ẹgbẹ́ wa kan kò gbà pẹ̀lú wa lórí èyí, ó ní iná ló yẹ ẹ́. A ti jọ sọ ọ́ títí, a ṣì jọ ń jẹun. Ṣùgbọ́n sẹ̀gi tí ìyá yín so mọ́rùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tó gbà lọ́wọ́ ìyá tiẹ̀, ta ni wọ́n fi bọ níbẹ̀? Pọ́ọ̀lù ní òrìṣà kò jẹ́ nǹkan kan. Kí ló dé tí àwa fẹ́ sọ gíláàsì di nǹkan?

Ẹ tún ṣọ́ra. Àwọn kan wà tó ń lọ láti ilé dé ilé, tí wọ́n ń ra ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́ ní owó táṣẹ́rẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ti fi òrìṣà dẹ́rù bà. Ìyá yóò rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ èṣù. Ìlẹ̀kẹ̀ ẹ̀ yóò máa dán nínú gíláàsì ẹni ẹlẹ́ni lókè òkun. Òfin ilẹ̀ wa láti 1979 kò gbà kí wọ́n kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde láìgba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ àjọ tó ń bójú tó o.

Nítorí náà, màmá, ẹ má dà á sódò. Ẹ fi omi tútù fọ̀ ọ́, kí ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún. Òwú àtijọ́ máa ń rà, ẹ tún un sín kó má baà dànù. Ẹ lọ jókòó ti àgbà tó kù nínú ẹbí, kí ẹ bi í pé lọ́wọ́ ta ni ìyá ti gbà á, ọjà wo ni wọ́n ti rà á, ayẹyẹ wo ni wọ́n kọ́kọ́ fi lọ. Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ sínú ìwé kan náà tí ẹ kọ ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ sí. Lẹ́yìn náà, láàárọ̀, kí oòrùn tó mú jù, ẹ mú ẹyọ kan lọ sójú fèrèsé. Ẹ kọ́kọ́ gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ tó wá gbé e sókè sójú ìmọ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ aró lọ́wọ́ yín, tó wá di àwọ̀ ewé lójú oòrùn, ẹ ya fọ́tò méjèèjì, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. Àwa náà fẹ́ rí i.